Ìwé Èsì Ọkọ Mi Gíga

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tí mo fẹ́ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́ tí mò ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ́ksíréè, ó ní, "Háà, Yorùbá ni yín, mà! Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi." Mo ní kó padà sùn. Pijin ni mo fi dá a lóhùn: "Oga, lie down. Na doctor go tell you." Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ṣeé ṣe kó rò pé mò ń gbéra ga, pé Port Harcourt ti wọ̀ mí lára débi pé n ò fẹ́ mọ ará ilé mọ́. Kó máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń rò ó sí mi.

Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ tètè sọ ìyẹn, kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ mi má baà máa wá ayọ̀ kiri inú rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ mi sì ń bá mi ka oṣù rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí, èjìká ń ro mí, nítorí aṣọ òjé tí a máa ń gbé wọ̀ kí ìtànṣán má baà pa wá lára. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé fún wa kò nílò fíìmù mọ́. Àwòrán á ti jáde lójú kọ̀ǹpútà kí aláìsàn tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tán. Èéfín dúdú tó ń bà lé gbogbo nǹkan ní ìlú yìí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti sọ fèrèsé wa di dúdú. Bí a bá nù ún láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, èèyàn lè fi ìka kọ̀wé sí i. Gbogbo nǹkan ló ti yí padà, àfi ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lẹ rí?"

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba lé àwọn olóṣèlú lọ́wọ́ ni mo tẹ̀lé ọkọ mi dé Port Harcourt. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé e wá, èmi náà sì rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara. Yàrá méjì la gbà ní Rumuokwuta. Kí n tó la ìkóríta ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, pẹ̀lú ariwo kọ̀ndọ́kítọ̀ àti àwọn vọkanáísà tó to táyà sí ojú ọ̀nà, ó ti máa ń rẹ̀ mí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni ọ̀gá wa àgbà, dókítà tó ń ka fíìmù, pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ará Kalabari ni, àgbàlagbà tí kì í pariwo. Ó ní, "My sister, na you snap am, no be you go talk am." Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ mi ò ju kí n ya àwòrán lọ. Òun ló máa wò ó, òun ló máa kọ ìwé èsì, dókítà tó rán aláìsàn wá ló sì máa là á yé e. Ọwọ́ ló fi ń kọ ìwé èsì náà, kì í sì í kánjú. Ọjọ́ mẹ́ta ni aláìsàn fi ń dúró. Ẹni tó bá padà wá á gba fíìmù àti ìwé pọ̀ nínú àpò ìwé ńlá kan. Ti ẹni tí kò bá padà wá, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan là ń kó o sí, èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kún débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pa dé. Èèyàn á ya àwòrán egungun ara rẹ̀, kò sì ní padà wá wò ó.

Àwa ará ìlú ọkọ mi tó wà ní Port Harcourt nígbà náà ò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń pàdé ní Elekahia, ní pálọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan, ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó wo ọkọ mi, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìyàwó wa rè é? Kúnlẹ̀ kí o kí ọkọ rẹ dáadáa, jàre." Mo kúnlẹ̀. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa wá ohun tí yóò máa pè wọ́n. Mo wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ o, ọkọ mi gíga." Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi, tí Pijin yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, sì ń pè é ní Daddy Gíga.

Ó dúró tì wá. Nígbà tí onílé wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu pé àlejò tó ń wọlé wa ti pọ̀ jù, ọkọ mi gíga wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó fa ajá ìjọba kan tó tó ọmọ màlúù lọ́wọ́, ó ní òun wá kí ìyàwó òun. Kò bá onílé sọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó sí iwájú ilé fún wákàtí kan, ó mu omi, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni onílé ti máa ń kí mi kí n tó kí i.

Ajá ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọlọ́pàá. Òun ló ń bọ́ wọn, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi imú wá nǹkan. Òyìnbó ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi pàṣẹ fún àwọn ajá náà, ṣùgbọ́n ó ní tí ọ̀gá òun bá ti ṣíjú kúrò, Yorùbá lòun máa ń bá wọn sọ, wọ́n sì ń gbọ́ ọ ju àwọn ọmọ òun lọ. Kó tó dé Port Harcourt, ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní Òkè Ọya. Ó máa ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa bó bá wá jẹun nílé wa. Ó ní láàárọ̀, òun á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa àgùntàn àti ràkúnmí, òun á gba ẹ̀dọ̀ tí alápatà ò lè tà, èyí tí àpò omi kéékèèké kún ara rẹ̀. Tí òun bá ti fi ọ̀bẹ gún un, omi á tú pẹ̀ẹ́, àwọn ajá á sì máa du ara wọn lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wá máa lá òun lọ́wọ́ àti lójú láti dúpẹ́.

Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ yìí, olùkọ́ wa ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn wá rí. Ajá tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ tó ní àpò omi yẹn, aràn kan á dàgbà nínú ìfun rẹ̀. Ẹyin aràn náà á bá ìgbẹ́ ajá jáde, á lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ajá náà lára, tó sì fi ọwọ́ ọ̀hún jẹun, á gbé ẹyin mì, àpò omi á sì wá dàgbà sínú ara ti òun náà. Inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń wà. Ó ṣọ̀wọ́n kó wọ egungun, ṣùgbọ́n tó bá wọ ibẹ̀, ó lè lo ọdún mẹ́wàá kí onítọ̀hún tó mọ̀. Olùkọ́ fi àwòrán egungun kan hàn wá, ó ní a lè má fojú ara wa rí i títí a ó fi fẹ̀yìntì. Mo kọ́ ọ sórí fún ìdánwò, mo sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Bí mo ṣe jókòó sídìí oúnjẹ nìyẹn, tí mo gbọ́ ìtàn ajá àti ẹ̀dọ̀, tí mo rẹ́rìn-ín, tí mo sì tún bu ọbẹ̀ kún abọ́ ọkọ mi gíga.

Ọdún kẹrin tí mo dé Port Harcourt ló bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ní ìgbáròkó ọ̀tún ń ro òun, pàápàá bí òjò bá ṣú. Dókítà kílíníìkì àwọn ọlọ́pàá kọ̀wé sí wa pé òun fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá. Òjò ń rọ̀, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn wa. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ò ronú kan irú rẹ̀ kí wọ́n tó ra bẹ́ẹ̀dì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ yìí ni mo ní o. Mo ti sọ fún wọn nílé pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ̀yìntì, láti gáréèjì ni n ó ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé bàbá mi. N ò ní gun nǹkan kan. Kí gbogbo ìlú rí i pé bí mo ṣe lọ náà ni mo ṣe dé."

Mo gbé fíìmù wọ yàrá òkùnkùn, mo rì í sínú oògùn, mo fi omi ṣàn án, mo sì gbé e sí ojú àpótí iná bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀. Ní ọrùn egungun itan, níbi tó ti fẹ́ wọ inú ìgbáròkó, ihò kéékèèké wà níbẹ̀, bí ihò inú búrẹ́dì. Gbogbo ikọ́ ẹ̀gbẹ egungun tí mo ti ń rí ló máa ń ba oríkèé jẹ́. Oríkèé ti eléyìí mọ́ tónítóní. Mo rí i pé ó mọ́, mi ò lè purọ́ pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ṣì pọ̀ níta, ẹsẹ̀ mi ti wú, mo sì ti ka ohun tí dókítà kílíníìkì kọ. Mo jẹ́ kí ìwé dókítà yẹn bá mi ríran.

Nígbà tí mo jáde, ó ti wọ ṣòkòtò tán. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí lo rí?"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi gíga, kẹ́ ẹ wá gba ìwé èsì yín."

"Ìwé ṣe jẹ́? Ọkọ rẹ ń bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o ń dárúkọ ìwé. Ṣé àlejò ni mí ni?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí jẹjẹrẹ ni?"

Ọkùnrin tí ajá ńlá ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, ó di bẹ́líìtì rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ojú sì tún ń tì mí, torí pé nínú ilé tí mo ti wá àti ilé tí wọ́n gbé mi sí, ìyàwó kì í dákẹ́ mọ́ ọkọ lójú bó bá ń béèrè ohun tó kan ẹ̀mí rẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ni, bí dókítà yín ṣe wí. Oògùn oṣù mélòó kan ni, ẹ ó sì tún máa sáré."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó súre fún mi, fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ. Ó ní ká ní òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́ fún òun ni, ọkàn òun kì bá balẹ̀. Ó tiro lọ nínú òjò. Kò padà wá gba ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ló tún fẹ́ wá gbà? Ìyàwó ilé ti sọ fún un.

Nígbà tó máa fi dé kílíníìkì wọn, wọ́n ti gbé dókítà tó kọ̀wé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọkọ mi gíga sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà tó kù níbẹ̀ pé wọ́n ti yà á, wọ́n sì ti rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì gbà á gbọ́, torí ohun tí wọ́n ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Oògùn náà sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa bíi sóbò, ó sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú gbogbo ìpàdé Elekahia pé òun ti di ẹni tó ń tọ Fáńtà. Fún bí oṣù mélòó kan, oró náà rọlẹ̀, bóyá nítorí oògùn ara ríro tó ń lò mọ́ ọn. Bó bá gba oògùn tán, á yà sọ́dọ̀ mi, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fara ti kọ́bọ́ọ̀dù onírin yẹn, á máa jẹ ẹ̀pà, á sì máa bi mí bóyá ọkọ mi ń tọ́jú mi dáadáa.

Oró náà padà. Wọ́n tún oògùn náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọdún mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn. Ọdún wọ̀nyẹn ò rọgbọ ní Port Harcourt. Wọ́n ń jí àwọn òyìnbó epo gbé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ń yìnbọn fún ara wọn, àwa la sì ń ya àwòrán ọta tó wọ itan àti àyà. Tí mo bá délé, mi ò ní lè jẹun, màá kàn bọ́ bàtà. Ọ̀gá wa tó ń ka fíìmù fẹ̀yìntì, ó lọ sílé. Mo máa ń rí i pé ọkọ mi gíga ń tiro sí i. Mo máa ń sọ fún un pé ikọ́ inú egungun kì í tètè lọ. Ó ń gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ kan, ó ku bí ọdún kan àbọ̀ kó fẹ̀yìntì, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ gbé ẹrù ní Oil Mill Market. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni, kò ṣubú, kò fẹsẹ̀ kọ. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì dá. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́ bó ṣe ró. Ilẹ̀kùn ilé kan ni wọ́n yọ tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi náà ni mo ya àwòrán rẹ̀. Ihò ti jẹ ọrùn egungun náà tán, ó ti kọjá sínú ìgbáròkó. Dókítà oníṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó já fáfá, wò ó, ó mi orí. Ó ní ó jọ jẹjẹrẹ lójú òun. Ó ní lọ́la, òun máa ki abẹ́rẹ́ ńlá bọ inú rẹ̀, òun á fa díẹ̀ jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá sì rí bí òun ṣe rò, ó lè jẹ́ láti ìbàdí ni wọn yóò ti gé ẹsẹ̀ náà. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Madam, this man say una don snap am before. Abeg, find the old film."

Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo lo wákàtí méjì lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku. Àwọn fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra nítorí ọ̀rinrin, aáyán ti yé sáàárín wọn. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé èsì wà nínú àpò, wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i láti ọdún mẹ́rin. Mo ṣí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá wa àtijọ́ ni, ó kéré, ó gún régé. Ó ní èyí ò jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ nítorí pé oríkèé mọ́. Ó ní kí wọ́n bi aláìsàn yìí bóyá ó ń bá ajá gbé, torí ihò wọ̀nyí jọ ti àpò omi tí aràn ajá ń fà. Ó ní kí wọ́n yà á ní síkáànù. Ó wá fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn: kí ẹnikẹ́ni má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, torí bí omi inú rẹ̀ bá tú sínú ara, ó lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Àwọn èèyàn ń gba orí mi kọjá.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Mi ò gbé ìwé náà fún dókítà lójú ẹsẹ̀. Mo ká a, mo fi sínú báàgì mi, mo sọ fún wọn pé mo ṣì ń wá a. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Mo ń rò ó pé fíìmù nìkan ni n ó mú lọ, pé ìwé lè sọnù, pé kí ni kì í sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ọkọ mi béèrè bí ọkọ mi gíga ṣe ń ṣe. Mo ní wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Ó ní, "Ọpẹ́ ni pé ìwọ wà níbẹ̀." Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀.

Láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wà ní ẹnu ọ̀nà dókítà náà. Mo fún un ní fíìmù, mo fún un ní ìwé. Ó kà á, ó tún un kà. Ó rìn kíákíá lọ sí wọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n ti fi oògùn pupa pa ìbàdí ọkọ mi gíga, abẹ́rẹ́ ti wà nínú àwo. Dókítà ní, "Oga sergeant, you get dog for house?" Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo oró tó ń jẹ. Ó ní, "Doctor, na dog be my work."

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n yà á ní síkáànù, a rí wọn kedere: àpò omi kéékèèké, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, nínú egungun, nínú ìgbáròkó, àwọn kan sì ti jáde sínú ẹran ara. Dókítà náà rọra sọ fún mi, kò mọ ohun tó ń ṣe sí mi, pé ká ní nígbà tí wọ́n kọ ìwé yìí ni wọ́n ti rí i kà, tó jẹ́ pé ọrùn egungun nìkan ló wọ̀, àwọn ì bá ha á kúrò, wọ́n á fún un ní oògùn aràn, ó sì ṣeé ṣe kó máa rìn dáadáa. Oògùn aràn náà ni mo ń rà fún àwọn ọmọ mi ní kẹ́mísìtì ìkóríta wa.

Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí. Wọ́n ní kò padà wá gba ìwé rẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀sùn, kí n rí nǹkan kan fọwọ́ sí.

Èmi ni mo lọ sọ fún un. Mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọ̀sán kan tí àwọn àlejò ti lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ nǹkan kan fún un lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, pé mo rí i pé oríkèé mọ́, pé dókítà kọ òtítọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, pé mo ti gbọ́ ìtàn ẹ̀dọ̀ Òkè Ọya lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì so ó pọ̀. Mo sọ ti báàgì mi náà fún un. Mo ń sunkún, òun ò sunkún. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n so òkúta mọ́ láti fi fà á.

Ó ní, "Ìwé yẹn, ibo ló wà láti ọjọ́ yẹn?"

"Nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa."

"Èyí tó wà nídìí bẹ́ǹṣì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tí mo máa ń fara tì?"

Ó yí ojú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú oúnjẹ, ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ìwé tí mo wá jáde ló gba ọkọ òun lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Mi ò rò pé ọkọ mi gíga sọ fún un rí, kò sì sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gé orí egungun itan kúrò pẹ̀lú apá kan ìgbáròkó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí oríkèé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wá kúrú ju ti òsì lọ. Igi méjì ló ń fi rìn, ó sì ní láti tẹ̀ síwájú kó tó lè gbé e. Dókítà ní kó máa lo oògùn aràn náà lọ, torí ohun tó bá ti wọ egungun báyìí, kò sẹ́ni tó lè búra pé ó ti tán. Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n ṣètò pé kí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé mọ́tò wá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ku ọjọ́ méjì kó lọ sílé, ó wá ya àwòrán ìkẹyìn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó kàn án, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, mo to ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yà á. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń dúró kó pè mí láti ìta, kó béèrè ohun tí mo rí, bó ṣe béèrè lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo ti mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ múra rẹ̀ sílẹ̀. Kò béèrè. Ó dúró kí dókítà tuntun ka fíìmù náà, ó gba ìwé èsì, ó ṣí i, ó ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká a, ó fi sí àpò àyà.

Mo jáde lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Elekahia. Mo ní, "Ọkọ mi gíga, ó dàbọ̀ o. Ẹ bá wa kí ilé."

Ó fara ti igi rẹ̀ méjèèjì, ó wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde, madam," ó ní. "Ilẹ̀ tutù."